Òpó Kan, Iṣẹ́ Méjì: Ìtàn Iná Ojú Pópó àti Iná Adarí-Ọkọ̀



Ìbéèrè kan ni ó bí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ. Mo lọ kí àwọn ẹbí ní Òtu, olú-ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìtẹ̀síwájú ní Òkè-Ògùn. Ẹ̀gbọ́n mi kan tí ó ti fi ọkọ̀ wíwà jẹun fún ọdún púpọ̀ mú mi lọ sí oríta kan tí alùpùpù ti kọ lu ọmọ iléèwé. Ó nàka sí òpó iná tí ń gba agbára lára oòrùn, ó ní: 'Àbúrò, òpó rèé, iná rèé. Kí ni kò jẹ́ kí wọ́n so pupa àti àwọ̀ ewé mọ́ ọn, kí ọkọ̀ lè máa dúró fún àwọn ọmọ wa?' Mo ní, 'Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n yẹ ìtàn rẹ̀ wò ná.' Èsì tí mo jẹ wọ́n ní gbèsè ni mo gbé wá síwájú yín.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé mọ́tò ni ó bí iná adarí-ọkọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1868, nígbà tí ẹṣin ni ó ń fa ọkọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n gbé èyí àkọ́kọ́ kalẹ̀ nítòsí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin. J. P. Knight, ẹnjiníà rélùwéè, ni ó ṣètò rẹ̀. Lọ́sàn-án, apá tí ń gòkè tí ń sọ̀ ni ó ń bá awakọ̀ sọ̀rọ̀; lóru, fìtílà gáàsì pupa àti àwọ̀ ewé ni. Oṣù kan kò tíì pé tí gáàsì náà fi bú gbàmù, tí ó sì ṣe ọlọ́pàá tí ń tọ́jú rẹ̀ léṣe. Wọ́n ká a kúrò.

Ojú irin ni Knight ti mú àwòṣe yìí. Àwọn baba wa pẹ̀lú rí irú rẹ̀ nígbà tí rélùwéè dé Ìbàdàn ní 1901. Ṣùgbọ́n ojú irin gba Òṣogbo àti Ọ̀fà lọ sí Ìlọrin, kò yà sí Òkè-Ògùn. Ní Èkó, iná mànàmáná ti ń tàn ní ojú pópó láti 1898. Nígbà tí ó di ọjọ́ 5 oṣù Kẹjọ ọdún 1914, ìlú Cleveland ní Amẹ́ríkà fi iná mànàmáná darí ọkọ̀: òpó wà ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin oríta, ọlọ́pàá sì ń yí i láti inú ilé kékeré kan.

Láti ìgbà náà ni iná méjèèjì ti ń jẹ oúnjẹ kan náà. Kò yani lẹ́nu pé àwọn ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í fi òpó kan gbé wọn, pàápàá ní Amẹ́ríkà. Ó ń dín ihò tí a ó gbẹ́ kù, ó sì ń fi àyè sílẹ̀ fún ẹlẹ́sẹ̀. Èrò ẹ̀gbọ́n mi kì í ṣe èrò òmùgọ̀ rárá.

Ṣùgbọ́n nǹkan mẹ́ta ya iná méjèèjì sọ́tọ̀. Èkíní ni àkókò. Fìtílà ojú pópó ń sùn lọ́sàn-án. Iná adarí-ọkọ̀ kò gbọdọ̀ sùn tọ̀sán-tòru. Bátìrì tí a wọ̀n fún òru nìkan kò lè bọ́ àwọn méjèèjì.

Èkejì ni ẹrù. Ẹni tí ó ṣe òpó ti wọn agbára rẹ̀ mọ fìtílà orí rẹ̀. Bí a bá so àpótí iná mẹ́ta mọ́ ọn, ẹ̀fúùfù ti rí ohun tuntun tì nìyẹn. Ẹni tí ó bá sì ti rí ìjì ìbẹ̀rẹ̀ òjò ní ilẹ̀ ọ̀dàn wa, tí ń ká páànù lórí ilé, kò ní fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe àwàdà.

Ẹ̀kẹta ni ipò. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972, nígbà tí ọkọ̀ ní Nàìjíríà fi apá òsì sílẹ̀ fún apá ọ̀tún, fìtílà ojú pópó kò ní ìdí láti ṣípò. Ṣùgbọ́n àmì tí ń bá awakọ̀ sọ̀rọ̀ ní láti bá ojú awakọ̀ lọ. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ yóò ti tàn káàkiri kọ́ ni ó máa ń jẹ́ ibi tí awakọ̀ yóò ti rí àṣẹ.

Ìtàn tiwa tún fi ohun kan kún un. Òfin ọdún 1975 dá ẹ̀ka adarí-ọkọ̀ sílẹ̀ lábẹ́ Iléeṣẹ́ Ọlọ́pàá, àwọn tí ará Èkó fi àwọ̀ aṣọ wọn sọ ní 'yẹ́lò fífà'. Àwọn wọ̀nyí kò nílò wáyà. Bí òpó bá ṣókùnkùn, apá ènìyàn a máa dá ọkọ̀ dúró.

Nítorí náà, èsì mi fún ẹ̀gbọ́n mi nìyí. Iná méjèèjì lè jọ gbé orí òpó kan, ṣùgbọ́n kí wọ́n má ṣe jọ pín ẹ̀mí kan lò. Kí a ṣe òpó náà fún iṣẹ́ méjèèjì láti ìpìlẹ̀, kí iná adarí-ọkọ̀ sì ní bátìrì tirẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ọjọ́ tí ọ̀kan bá kú, awakọ̀ yóò wà nínú òkùnkùn, kò sì ní sí ẹni tí yóò dá a dúró. Kí ìyẹn tó dé, ẹ jẹ́ kí àgbàlagbà kan dúró ní oríta náà nígbà tí iléèwé bá ń wọlé àti nígbà tí ó bá ń jáde.

Àwọn àgbà ní, igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó.