Ìfarakanra Baba àti Ọmọ Tuntun

Ìfarakanra baba àti ọmọ tuntun ni pé kí baba bọ́ ẹ̀wù, kí ó gbé jòjòló tí kò wọ̀ ju ìlédìí àti fìlà lọ lé àyà rẹ̀ lásán, kí a sì fi aṣọ bo àwọn méjèèjì. Ọmọ tuntun kò tíì lè mú ara rẹ̀ móoru dáadáa, ara baba a sì máa fún un ní ooru bí ara ìyá.

Ní Akínmọ̀ọ́rìn, àti ní Fìdítì àti Ìlọrà tí wọ́n jọ wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Afijio ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, abẹ́ àkóso obìnrin ni ìyẹ̀wù ìkókó ti wà láti ayébáyé: ìyá àgbà ní ń wẹ ọmọ, tí ń fi omi gbígbóná tọ́jú abiyamọ, nígbà tí baba ń sáré igi ìdáná àti owó ìkómọ títí di ọjọ́ kẹjọ. Ìyá ni wúrà, baba ni jígí, ni àwọn àgbà wí. Ṣùgbọ́n ara ni a ń fi wúrà sí, ara ògiri ni jígí ń gbé, mo sì gbà pé bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀pọ̀ baba ṣe jìnnà sí ọmọ wọn ní ọjọ́ tí ó yẹ kí wọ́n súnmọ́ ọn jù.

Bogotá ní ilẹ̀ Kòlómbíà ni ìtọ́jú ìfarakanra yìí ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí Dókítà Edgar Rey Sanabria, ní 1978, rí i pé àpótí tí ń mú ọmọ tí oṣù rẹ̀ kò pé móoru kò kárí, tí ó sì ní kí àwọn ìyá so ọmọ mọ́ àyà bí ẹranko kangaroo tí ń gbé ọmọ rẹ̀ sínú àpò ikùn. Ilé-Ifẹ̀ wà nínú ibùdó márùn-ún tí ìwádìí Àjọ Ìlera Àgbáyé, tí a tẹ̀ jáde ní 2021, ti fi hàn pé bí ìyá tàbí ẹbí bá gbé ọmọ tí ìwọ̀n rẹ̀ kéré gan-an sáyà kété tí a bí i, ikú ọmọ a fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin dín kù. Ní Sweden, ní 2007, àwọn ọmọ tí a fi iṣẹ́ abẹ bí, tí a gbé sí àyà baba, tètè dákẹ́ ẹkún ju àwọn tí a tẹ́ sí ibùsùn lọ.

Kí ó tó gbé ọmọ sáyà, baba tí ó jẹ́ àgbẹ̀, tí ó ti oko ẹ̀gẹ́ bọ̀, ní láti kọ́kọ́ wẹ erùpẹ̀ àti oògùn apakòkòrò kúrò lára. Kí orí ọmọ yí sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí imú rẹ̀ là, kí baba má sì ṣe sùn lọ. Lóòótọ́, kò sí ọmú láyà ọkùnrin, ṣùgbọ́n ohùn wà níbẹ̀: bí ó bá ń ki ọmọ rẹ̀ ní Àkànní tàbí Àbẹ̀kẹ́, tí ó sì to oríkì orílẹ̀ mọ́ ọn, ọmọ náà yóò máa gbọ́, yóò sì máa mọ gbígbọ̀n ohùn náà lára, nígbà tí abiyamọ, tí kò fojú kan oorun láti àná, ń sùn lórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.