Òórùn àti Ìtàn ní Ilẹ̀ Ọ̀pẹ

Ní Yúróòpù, àwọn kan tí ń fi ọwọ́ po lọ́fínńdà a máa gbé e ka orí ìtàn ìwáṣẹ̀ àwọn Kẹ́ltì, baba ńlá àwọn ará Ireland àti Bretagne. Èyí kò ṣàjèjì sí àwa ará Ahoyéyé, Pobè àti Sakété.

Orúkọ ewéko òyìnbó kan ni a yí sí lọ́fínńdà. Kí ó tó dé, òrí àti àdín ni àwọn ìyá wa fi ń pa ara, osùn ni wọ́n sì ń kùn. Wọn a pa èkùrọ́, wọn a dín in nínú ìkòkò títí òróró dúdú yóò fi yọ. Òórùn rẹ̀ a sì gba gbogbo agboolé. Àwọn àgbà ní àdín ni èèwọ̀ Èṣù, tí àwọn Fọ̀n ń pè ní Lẹ́gbà: ẹni tí ó bá dà á sí ojúbọ rẹ̀, ìjà ni ó ń wá. Ní ti Ọbàtálá, epo pupa ni èèwọ̀, òrí ni tirẹ̀.

Ní 1922, àwọn Faransé dá ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ sílẹ̀ ní Pobè. Irúgbìn àti ìwọ̀n epo ni wọ́n ń wádìí. Ẹnu àwọn ìyá ni ìtàn òórùn wà. Ẹ jẹ́ kí á bi wọ́n léèrè nígbà tí wọ́n ṣì wà, kí á sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní èdè méjèèjì.