Ìkẹjà: Oko Àwórì tí ó di Ọgbà Ilé-iṣẹ́

Jẹ́jẹ́ ni ọmọ onílẹ̀ ń tẹ ilẹ̀. Katakata kò mọ jẹ́jẹ́.

Oko àti abúlé àwọn Àwórì ni Ìkẹjà tẹ́lẹ̀. Ṣáájú òmìnira 1960, Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ya ilẹ̀ ibẹ̀ sọ́tọ̀ fún ilé-iṣẹ́, nítorí pé ojú irin àti pápá ọkọ̀ òfuurufú wà níbẹ̀, èbúté Èkó kò sì jìnnà. Nígbà tí yóò fi di 1963, a ti ń pọn ọtí Guinness níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rí iṣẹ́ olówó oṣù. Ṣùgbọ́n owó a máa tán, oko tí a sì ti kọ́lé lé kì í hu iṣu mọ́.

Ní 29 oṣù Kẹta, 1978, Òfin Ìlò Ilẹ̀ fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà. Bí ìjọba bá gba oko fún ànfààní gbogbo ìlú, owó irúgbìn àti ilé ni àgbẹ̀ yóò gbà, kì í ṣe iye tí ilẹ̀ náà tó lọ́jà.

Ilé-iṣẹ́ dára. Síbẹ̀, kí ìlú kékeré mìíràn tó ṣe bí Ìkẹjà, ó yẹ kí ó bi ara rẹ̀ léèrè: owó irúgbìn ẹ̀ẹ̀kan ha tó pààrọ̀ ilẹ̀ tí ìran mẹ́ta ìbá fi jẹun bí?