Ọgbà, Ewúrẹ́ àti Kọliflawa

Ẹ̀yin tí mo kọ́ nípa ẹ̀dá-èdè, ẹ wo ọ̀rọ̀ yìí: ọgbà. Igi tí a tò yí ilé ká, ọgbà ni. Ilẹ̀ tí a gbin ẹ̀fọ́ sí láàárín rẹ̀, ọgbà náà ni. Èwo ló ṣáájú? Èrò tèmi ni pé igi ló ṣáájú. Ẹ̀rí mi ni ọ̀rọ̀-ìṣe náà, sọgbà: so ọgbà. Igi là ń so, a kì í so ilẹ̀. Ọgbà ẹ̀wọ̀n pàápàá, ṣé tìtorí ẹ̀fọ́ la ṣe pè é bẹ́ẹ̀? Òyìnbó náà kò yàtọ̀. Garden àti yard, ìdílé kan ni wọ́n, ibi tí a sé mọ́ ni.

Ẹranko ló fà á. Ní ìlú Yorùbá àtijọ́, ewúrẹ́ àti àgùntàn ló ni ìgboro. Iṣu àti àgbàdo wà lóko, níbi tí ewúrẹ́ kò dé (ọ̀yà àti ọ̀bọ la ń bá jà níbẹ̀). Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀tẹ̀ tàbí gbúre lẹ́yìnkùlé gbọ́dọ̀ sọgbà. Lápálápá ló dára jù: ki ẹ̀ka rẹ̀ bọlẹ̀, á hù, májèlé wà lára rẹ̀, ẹran kì í jẹ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ àlejò ni òun náà, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti wá.

Àlejò mìíràn ni kábéèjì. Àwọn Òyìnbó tó wá wa kùsà ní Jọ́ọ̀sì fẹ́ oúnjẹ ilé wọn, òkè náà sì ga tó 1,200 mítà, ó tutù. Nígbà tó yá, gooro ń ti Sábó Ṣàgámù gòkè lọ sí ilẹ̀ Hausa, kábéèjì àti àlùbọ́sà ń sọ̀ kalẹ̀. Láti 1978 tí márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ti ṣí, ẹrù wọ̀nyí ń gba Interchange wa kọjá.

Kọliflawa jẹ́ ọmọ ìyá kábéèjì. Òdòdó rẹ̀ tí kò tíì là là ń jẹ. Ooru kì í jẹ́ kó ní orí. Ṣùgbọ́n wọ́n gbé e láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dé Íńdíà ní 1822, àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ sì ń ṣa èyí tó gba ooru títí ó fi di tiwọn. Irú èyí ni mo gbìn ní October, kí ọyẹ́ lè bá a.

Ariwo tírélà Interchange kò lé ẹranko kankan. Ewúrẹ́ ń wá lọ́sàn-án, òkété lóru. Mo fẹjọ́ sun obìnrin tó ni ewúrẹ́. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ má bínú, Bàbá. Ṣùgbọ́n ẹ ò ṣe ọgbà." Èmi tí mo ti ń ṣe ọgbà láti oṣù méjì! Inú mi dùn ju ẹni tó jàre lọ. Òfin àtijọ́ ló sọ, ìtumọ̀ àkọ́kọ́ ló sì lò.

Mo fi lápálápá àti wáyà sọgbà. Ní January, mo ká mọ́kànlá, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju ìkúùkù lọ. Ìyàwó mi bọ̀ wọ́n fún ìṣẹ́jú mẹ́ta pẹ̀lú iyọ̀, ó wá dà wọ́n sínú ata, irú àti epo pupa. Ewé rẹ̀ náà, a rò ó. Èbà la fi jẹ ẹ́, a sì bu abọ́ kan fún ìyá eléwúrẹ́.