Àánú Kì í Ṣe Òfin: Ìtàn Àwọn Òbí Tó Mú Ọmọ Wọn Dé Iwájú Aṣòfin

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọmọ ẹni kì í ṣe ìdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ yìí rọrùn láti sọ níbi ìkómọjáde, nígbà tí ọmọ pé lọ́wọ́, tó pé lẹ́sẹ̀. Ó nira púpọ̀ fún òbí tó bí aláàbọ̀ ara sáàárín àwọn ènìyàn tó ń bi ara wọn léèrè ohun tí ìyá rẹ̀ jẹ nígbà oyún. Ọ̀nà méjì ló wà níwájú irú òbí bẹ́ẹ̀. Ó lè fi ọmọ náà pamọ́ sí yàrá ẹ̀yìn, kí ó máa tọrọ àánú fún un. Ó sì lè mú un lọ́wọ́ jáde sí gbangba, kí ó fi í yangàn bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń fi ọmọ tiwọn yangàn. Ìtàn tí a fẹ́ sọ lónìí jẹ́ ti àwọn tó yan ọ̀nà kejì ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tí wọ́n mú ọmọ wọn dé iwájú àwọn tó ń ṣòfin, tí òfin sì yí padà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti Cedar Rapids ní ìpínlẹ̀ Iowa. Ní ọdún 1978 ni Julie Beckett bí ọmọbìnrin kan, wọ́n sọ ọ́ ní Katie. Ọmọ náà kò tíì pé oṣù mẹ́fà nígbà tí àrùn kọlu ọpọlọ rẹ̀, tí kò sì lè dá mí mọ́ àfi pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ẹ̀rọ. Ilé ìwòsàn di ilé rẹ̀. Nígbà tó yá, ara rẹ̀ le dé ibi tó fi lè máa gbé lọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀, ṣùgbọ́n ìlànà ìjọba dí wọn lọ́nà. Medicaid, ètò tí ìjọba fi ń san owó ìwòsàn fún àwọn tí agbára wọn kò ká a, ń san owó náà níwọ̀n ìgbà tí Katie bá ṣì wà lórí ibùsùn ilé ìwòsàn. Bí wọ́n bá gbé e lọ sílé, níbi tí ìtọ́jú rẹ̀ ti dínwó gan-an, owó tí àwọn òbí rẹ̀ ń gbà lẹ́nu iṣẹ́ yóò wọ inú ìṣirò, ìrànwọ́ yóò sì dópin. Ìjọba wá ń san owó gọbọi kí ọmọ má baà sùn nílé bàbá rẹ̀.

Julie kò gbà. Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ Tom Tauke, aṣojú wọn ní ilé aṣòfin, láti ibẹ̀ ó dé etí George Bush, tó jẹ́ igbákejì ààrẹ nígbà náà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1981, Ààrẹ Ronald Reagan mẹ́nu ba ọmọ náà níwájú àwọn akọ̀ròyìn, ó fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ ìlànà ìjọba tí kò mọ́gbọ́n dání. Wọ́n yọ Katie sọ́tọ̀ kúrò nínú ìlànà yẹn, ó sì délé kí Kérésìmesì ọdún náà tó kò.

Bó bá ṣe pé àánú nìkan ni Julie ń wá, ìtàn ì bá parí síbẹ̀, torí ọmọ tirẹ̀ ti délé. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé àwọn ọmọ mìíràn ṣì wà nílé ìwòsàn tí ààrẹ kò gbọ́ orúkọ wọn rí, ó sì fi ọ̀rọ̀ wọn ṣe iṣẹ́ ayé rẹ̀. Ní ọdún 1982, ilé aṣòfin fi abala kan kún òfin owó orí ọdún náà, èyí tó fún àwọn ìpínlẹ̀ láyè láti máa tọ́jú irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ nílé láìka owó tí òbí wọn ń gbà sí. Orúkọ Katie Beckett ni wọ́n fi ń pe ètò náà títí dòní. Katie fúnra rẹ̀ dàgbà, ó kàwé gboyè, ó sì di ẹni tó ń bá àwọn aṣòfin sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀tọ́ àwọn aláàbọ̀ ara, kí ó tó jáde láyé ní ọdún 2012 ní ẹni ọdún 34. Àánú ààrẹ gbé ọmọ kan wálé. Òfin ló gbé àwọn ìyókù.

Òfin tó gbòòrò ju èyí lọ ni ti ọdún 1990, èyí tí wọ́n ń pè ní Americans with Disabilities Act. Ẹni tó bá wo àwọn tó ṣe agbátẹrù rẹ̀ yóò rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wọn, inú ilé wọn ni ọ̀rọ̀ náà ti bá wọn. Lowell Weicker, ọmọ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà láti Connecticut, tó gbé àbádòfin àkọ́kọ́ síwájú ilé ní ọdún 1988, ní ọmọkùnrin kan tí wọ́n bí pẹ̀lú Down syndrome. Tom Harkin láti Iowa, tó gba iṣẹ́ náà ṣe nígbà tí Weicker fìdí rẹmi nínú ìbò, ní ẹ̀gbọ́n tó jẹ́ adití. Ní ọjọ́ 13 oṣù keje ọdún 1990, Harkin dìde nínú ilé, ó sì fi èdè ọwọ́ tí àwọn adití ń sọ sọ apá kan ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìyẹ́sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Ti Tony Coelho láti California yàtọ̀. Òun ló gbé àbádòfin kan náà wọ Ilé Aṣojúṣòfin. Wárápá ń ṣe é láti ìgbà èwe, ṣùgbọ́n nígbà tí dókítà sọ orúkọ àìsàn náà, àwọn òbí rẹ̀ ní kì í ṣe ọmọ tiwọn ni wárápá yóò ṣe. Ìgbàgbọ́ tó ti ọ̀dọ̀ àwọn baba ńlá wọn wá láti ilẹ̀ Potogí ni pé ẹ̀mí àìmọ́ ní í máa wọ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ìjọ Kátólíìkì tó fẹ́ ṣe àlùfáà fún náà kò gbà á nítorí àìsàn yìí. Ọmọ tí ojú ti àwọn òbí rẹ̀ nítorí àìsàn ló wá gbé òfin kalẹ̀ kí ojú má baà ti ọmọ ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ yìí kò lè ṣàjèjì sí Yorùbá, nítorí a mọ ojú tí àwa náà fi ń wo wárápá.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ilé ń gba ẹ̀rí lórí àbádòfin náà, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń jẹ́ Lisa Carl wá síwájú wọn láti Tacoma ní ìpínlẹ̀ Washington. Àìsàn ọpọlọ tí kì í jẹ́ kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ṣe bó ti yẹ wà lára rẹ̀. Ó ròyìn bí òun ti lọ wo sinimá ládùúgbò òun, tí wọn kò jẹ́ kí òun wọlé. Ó ní omijé kò jáde lójú òun, inú ni òun ti ń sunkún, kò sì sí ohun tí òun fẹ́ ju kí òun wo fíìmù bí gbogbo ènìyàn. Ìyá rẹ̀ pe ilé sinimá náà lórí fóònù láti béèrè ìdí. Èsì tó gbà ni pé wọn kò fẹ́ ọmọ rẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ wo bí ohun tí wọ́n gbé tọ àwọn aṣòfin lọ ti kéré tó: àyè ìjókòó kan nínú ilé sinimá. Wọn kò tọrọ owó. Ìyá tó bá ń tijú ọmọ rẹ̀ kò ní pe ẹnikẹ́ni. Yóò sọ fún ọmọ náà pé kó jókòó sílé. Ẹni tó gbà pé ọmọ òun yẹ níbi tí ọmọ aráyé wà nìkan ló lè béèrè pé, "Kí ló dé?" Ìbéèrè yẹn gan-an ni òfin máa ń ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Ilé Aṣòfin Àgbà fọwọ́ sí àbádòfin náà ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1989 pẹ̀lú ìbò 76 sí 8, ṣùgbọ́n ó há sọ́wọ́ àwọn ìgbìmọ̀ Ilé Aṣojúṣòfin. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹta ọdún 1990, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ADAPT kóra jọ síwájú ilé aṣòfin ní Washington. Nǹkan bí 60 nínú wọn fi kẹ̀kẹ́ arọ àti ọ̀pá ìtìlẹ́yìn wọn sílẹ̀ nísàlẹ̀, wọ́n sì ń wọ́ gun àtẹ̀gùn òkúta tó lé ní 70. Jennifer Keelan, ọmọ ọdún mẹ́jọ, tí irú àìsàn Lisa Carl wà lára rẹ̀, wà láàárín wọn. Ìyá rẹ̀, Cynthia, wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo àwọn àgbà inú ẹgbẹ́ náà ló fẹ́ kí ọmọ yìí gun àtẹ̀gùn. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé àwòrán ọmọdé tó ń fi orúnkún wọ́ yóò mú kí aráyé ṣàánú wọn, nígbà tó jẹ́ ẹ̀tọ́ ni wọ́n wá gbà. Ẹ̀rù tó tọ́ ni. Ṣùgbọ́n Jennifer gùn ún. Ó ní bí òun bá máa fi gbogbo òru gùn ún, òun yóò dé òkè, ó sì débẹ̀. Àwọn tó wo àwòrán rẹ̀ rí ọmọ tó mọ ibi tó ń lọ. Ìtìjú tó wà nínú àwòrán náà jẹ́ ti àwọn tó kọ́ ilé aṣòfin tí ọmọ ìlú kò lè wọ̀. Lọ́jọ́ kejì, Tom Foley, olórí Ilé Aṣojúṣòfin, àti Bob Michel, tó ń darí ẹgbẹ́ alátakò nílé náà, jáde wá bá wọn sọ̀rọ̀. Nígbà tí àwọn afẹ̀hónúhàn kọ̀ láti lọ, ọlọ́pàá kó 104 nínú wọn.

A kò ní sọ pé ọmọdé kan ló mú òfin kọjá. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún àti ọ̀pọ̀ ènìyàn ni. Ní oṣù karùn-ún, Ilé Aṣojúṣòfin dìbò 403 sí 20. Ní ọjọ́ 26 oṣù keje, George Bush, tó ti di ààrẹ, buwọ́ lu òfin náà ní gbangba ọgbà White House. Lisa Carl wà níbẹ̀. Ààrẹ dárúkọ rẹ̀, ó ní ilé sinimá ìlú rẹ̀ kò ní lè lé e mọ́, ó sì kí i káàbọ̀ sí White House.

Òfin yẹn wà lára ohun tó ṣínà fún àdéhùn Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí ẹ̀tọ́ aláàbọ̀ ara ní ọdún 2006, tí Nàìjíríà tẹ́wọ́ gbà ní kíkún ní ọdún 2010. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin tirẹ̀ ní ọdún 2011. Ti ìjọba àpapọ̀ kọjá nílé aṣòfin ju ẹ̀ẹ̀kan lọ láìrí ìbuwọ́lùwé, kí Ààrẹ Muhammadu Buhari tó buwọ́ lù ú ní oṣù kìíní ọdún 2019. Ó fún aláàbọ̀ ara ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ títí dé iléèwé gíga sẹ́kọ́ńdìrì. Ó fi owó ìtanràn mílíọ̀nù kan náírà lé iléeṣẹ́ tó bá yà wọ́n sọ́tọ̀ lórí, ó sì fún àwọn ilé ìlò gbogbogbòò ní ọdún márùn-ún láti ṣe ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ arọ lè gbà. Ọdún márùn-ún náà pé ní oṣù kìíní ọdún 2024. Ẹ wo báńkì, ilé ẹjọ́ àti sẹkitéríàtì ìlú yín, kí ẹ wo iye tí àtẹ̀gùn nìkan wà níbẹ̀.

Àwọn baba wa pe àfín, abuké àti arọ ní ẹni òrìṣà, pé ọwọ́ Ọbàtálá ló mọ wọ́n bẹ́ẹ̀. Àpọ́nlé ni, ṣùgbọ́n àpọ́nlé kì í ṣí ilẹ̀kùn iléèwé. Lónìí, bí àwòrán ìyá àti ọmọ aláàbọ̀ ara bá jáde nínú ìwé ìròyìn wa, nọ́ńbà àkáǹtì ló sábà máa ń wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ọmọlúàbí ni ẹni tó bá fi owó ránṣẹ́, kí Ọlọ́run san án fún un. Àmọ́ owó náà ń tán lórí ọmọ kan ṣoṣo, nígbà tí òfin tó lè gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún ń sùn nínú ìwé.

Òbí tí iléèwé ìjọba bá lé ọmọ rẹ̀ padà kò ní láti kúnlẹ̀ bẹ ẹnikẹ́ni, nítorí òfin ti wà lẹ́yìn rẹ̀. Ilé aṣòfin wà ní Aláùsá, ní Abẹ́òkúta, ní Ìbàdàn, ní Òṣogbo, ní Àkúrẹ́ àti ní Adó-Èkìtì. Ẹ mú ọmọ náà dání lọ. Ẹ jẹ́ kí aṣòfin rí i, kí ó sì gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu ẹni tí kò tijú rẹ̀. Bí ilé aṣòfin fúnra rẹ̀ kò bá sì ní ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ lè gbà wọlé, ẹjọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ ó rò fún wọn nìyẹn.