Alángbá Tí Inú Ń Run

Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Ẹni tó ń fi ẹ̀rín bo ìṣòro mọ́lẹ̀ ni a sábà máa ń pa òwe yìí mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi dé ṣọ́ọ̀bù mẹ́káníìkì, kí ẹ yọjú wo agolo tí wọ́n ń kó bóòtù àlòkù sí. Gbogbo wọn ló dúdú, gbogbo wọn ló kún fún gíríìsì, gbogbo wọn ló sì ní tírẹ́ẹ̀dì lára. Èwo ni ti òde òní, èwo ni ti Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́?

Ká ní ẹ̀rọ ìlọta Lister àtijọ́ ló wà nílẹ̀, irú èyí tí wọ́n ṣe ní Dursley, nílẹ̀ England. Bóòtù kan ti sọnù lára rẹ̀, ihò tó fi sílẹ̀ sì jẹ́ 5/16 íǹṣì. Ọmọ iṣẹ́ na ọwọ́ sínú agolo, ó mú bóòtù 8 mìlímítà, èyí tí sípánà 13 ń tú. Ó fi sí i, ó wọlé. Ó fi ìka yí i lẹ́ẹ̀kan, ó yí i lẹ́ẹ̀kejì, ó há. Ó ní ìpẹtà ni, ó bá fa sípánà. Irin ké fín-ín, bóòtù sì rọ̀. Inú rẹ̀ dùn pé ó ti gbà. Kò mọ̀ pé eyín inú ihò lòún ṣẹ̀ṣẹ̀ họ dànù.

Ohun tó tàn án jẹ ni pé 5/16 íǹṣì jẹ́ 7.94 mìlímítà. Ta ni yóò fi ojú rí ìyàtọ̀ ìyẹn àti 8? Àmọ́ láti orí eyín kan dé èkejì, 1.25 mìlímítà ni ti bóòtù ọwọ́ rẹ̀, 1.41 sì ni ti ihò.

Eyín ti ihò yẹn, Joseph Whitworth, ẹnjiníà Gẹ̀ẹ́sì, ló là á kalẹ̀ ní 1841 pé kí igun rẹ̀ jẹ́ dígírì 55, kí orí rẹ̀ sì rí roboto. Kó tó dé, ohun tó bá wu oníṣọ́ọ̀bù kálukú ló ń gé. Ní 1864, William Sellers ti Philadelphia ní tirẹ̀ mú dígírì 60, orí eyín tẹ́jú, torí pé ìyẹn rọrùn láti gé. Ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì ni ojú wọn tó já a: ohun ìjà Gẹ̀ẹ́sì àti ti Amẹ́ríkà ò lè yá ara wọn ní nọ́ọ̀tì. Ní 1948, àwọn méjèèjì àti Kánádà fẹnu kò sí dígírì 60. Ẹ̀rọ tó ti wà nílẹ̀ ṣáájú ò gbọ́ sí ìpàdé yẹn.

Èyí tó há yẹn tiẹ̀ sàn. Láti 1/4 íǹṣì dé 1 íǹṣì, iye eyín Whitworth àti ti Amẹ́ríkà eléyín fífẹ̀ bára mu, àfi 1/2 íǹṣì nìkan, tí ọ̀kan ní eyín 12 nínú íǹṣì kan, tí èkejì ní 13. Ìyókù á wọnú ara wọn láìjanpata, wọn ò sì ní jókòó dáadáa. Àwọn bóòtù kéékèèké ara míta iná àtijọ́ tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: nínú oríṣi tí wọ́n ń pè ní BA, nọ́ńbà 0 jẹ́ mìlímítà 6, eyín rẹ̀ jìnnà síra ní mìlímítà 1, gẹ́gẹ́ bíi 6 tòde òní gan-an, àmọ́ igun rẹ̀ jẹ́ dígírì 47.5.

Sípánà pàápàá lè purọ́. Nígbà tí Morris, oníṣẹ́ mọ́tò Gẹ̀ẹ́sì, ra ilé iṣẹ́ Hotchkiss ní Coventry ní 1923, ẹ̀rọ Faransé tó ń gé mìlímítà ló bá níbẹ̀. Wọ́n ń gé e bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n sì fi orí tó gba sípánà Whitworth sí i, kó má bàa ni oníbàárà lára.

Nítorí náà, mo máa ń fi kẹrosíìnì fọ bóòtù ná, kí n tó fi kálípà wọn ìbú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo máa mú ewé irin tí wọ́n gé eyín sí létí, màá tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, màá sì gbé méjèèjì sókè sí ìmọ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà. Bí ewé dígírì 60 bá wà lára bóòtù dígírì 55, iye eyín lè pé, kó sì dà bíi pé ó jókòó, àmọ́ ìmọ́lẹ̀ tín-ín-rín á ṣì máa yọ nísàlẹ̀ kòtò eyín.