Rọ àbí Rọ̀?

Kòròfo ọta ìbọn kan wà lórí tábìlì mi. Ìdí rẹ̀ ń dán bí òrùka idẹ, àmọ́ lọ́rùn, ṣe ló dà bíi pé aró ta sí i. Kì í ṣe ìdọ̀tí, àpá iná ni. Iṣẹ́ tó dá àpá náà sí i ni mo ń wá orúkọ fún.

Nínú idẹ yìí, bàbà kó ìdá 70 nínú 100, síǹkì kó 30. Pẹlẹbẹ ni kí ẹ̀rọ tó fà á gùn di ife tóóró, bó sì ṣe ń fà á ló ń le sí i. Ọrùn tó bá le jù á sán. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso Íńdíà, àsìkò òjò ni àwọn sójà ń rí i: ọta tí wọ́n tọ́jú sí ibùso ẹṣin, amóníà inú ìtọ̀ ẹṣin á bá ọ̀rinrin dé ibẹ̀, kòròfo á sì lanu láìyìn rẹ̀ rí.

Iná ni oògùn rẹ̀. Kí la ó wá pe oògùn náà? "Yíyọ́" kọ́, idẹ ò gbọdọ̀ yọ́. Ká yá ti alágbẹ̀dẹ tó ń ri irin gbígbóná bọ omi? Irin ló ń tipa bẹ́ẹ̀ le. Idẹ ò ka omi sí.

"Rọ̀" ló bá a mu, àmọ́ wàhálà rẹ̀ rèé: bí mo bá kọ "a rọ idẹ", ohùn ìsàlẹ̀ ti sá lọ nítorí ọ̀rọ̀-orúkọ tó tẹ̀ lé e, alágbẹ̀dẹ á sì gbà pé ọmọ owú la gbé lé e. Bẹ́ẹ̀, lílù gan-an ló ń sọ idẹ di líle! Mo bá fi "mú" há a láàárín: ìfinámúrọ̀. Ó gùn, kò ṣáà purọ́.

Iná ọ̀hún kì í ṣe ti ẹwìrì. Bàbà tí wọ́n ká roboto ni. Ọrùn kòròfo á wọ àárín rẹ̀ láìfara kàn án. Iná mànàmáná tó ń gba inú bàbà ń yí ìhà padà ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, òòfà tó ń tibẹ̀ jáde á sì mú kí idẹ gbóná fúnra rẹ̀. "Iná àìrí" kọ́kọ́ wù mí, ṣùgbọ́n ó jọ ọ̀rọ̀ onídán. Iná àfòòfàdá ni mo mú. A kúkú ti ń dáná tipẹ́.

Ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan ti tó, kí ooru má bàa sọ̀ kalẹ̀ dé ìdí, torí ìdí ló ń gba agbára ẹ̀tù. Èyí tó bá pẹ́ jù nínú iná, tí ọrùn rẹ̀ ò lè di ọta mú mọ́, mi ò wá ọ̀rọ̀ tuntun fún un. Ó ti dẹ̀.